Bí ẹ ṣe lè rí ìrànwọ́ owó fi gbé sólà sílé tàbí sí ṣọ́ọ̀bù yín l'Óṣogbo

Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n l'Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kó ti sọ fún yín pé ìjọba bá òun san lára owó sólà orí ilé òun. Òótọ́ ni. Lábẹ́ òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2022, onílé tó bá gbé sólà lè yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ná kúrò nínú owó orí tó yẹ kó san, kí wọ́n tó fi òpin sí ti àwọn onílé ní ìparí ọdún 2025. Ní Nàìjíríà níbí, kò sí irú rẹ̀ fún onílé. Bí ẹ bá mú rìsíìtì sólà lọ sí sẹkitéríàtì ní Abẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó máa ka owó lé yín lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìrànwọ́ wà. Ibi tó fara pamọ́ sí ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ó wà nínú iye tí ilé-iṣẹ́ kan ń ta ọjà rẹ̀, nínú èlé tí wọ́n gbé lé ẹ̀yáwó, nínú ìwé owó orí oníṣòwò, àti nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ẹ ti ń dáwó sí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi wọ́n ló máa rí i gbà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ṣírò ohun tí iná ń gbà lọ́wọ́ yín báyìí

Ẹ má tíì wọ bánkì kankan. Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ ohun tí ẹ ná láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá: owó yúnìtì tí ẹ rà sí mítà, epo bẹntiróòlù, ọ́ìlì, owó mẹkáníìkì tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, àti ọjà tó bàjẹ́ nígbà tí iná lọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, òun ló sì ń dun oníṣòwò jù. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń ta ẹja dídì ní ọjà Ìgbọ̀nà. Bí yìnyín ara ẹja bá yọ́ lóru, tó tún dì láàárọ̀, ara ẹja á ti rọ̀, ojú rẹ̀ á ti pọ́n. Oníbàárà á fi ìka tẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní kí wọ́n bá òun dín owó rẹ̀ kù. Owó tí wọ́n dín yẹn, owó iná ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo Band tí àdúgbò yín wà lọ́dọ̀ IBEDC. Band A ló yẹ kó máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, Band B wákàtí 16, C wákàtí 12, D wákàtí 8, E wákàtí 4. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, gbé owó yúnìtì kan fún Band A lọ sí ₦225, àwọn tó kù ò sì kúrò níbi tí wọ́n wà. Ìdí tí mo fi mẹ́nu kan èyí ni pé ibi tí ẹ wà ló máa sọ ohun tí sólà máa gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá wà ní Band A tí iná sì ń wá dáadáa, owó mítà ni sólà máa dín kù fún yín, yóò sì pẹ́ díẹ̀ kó tó pa owó ara rẹ̀ padà. Bí ẹ bá wà ní D tàbí E tí jẹnẹrétọ̀ ń ké látàárọ̀ dalẹ́, epo ni sólà máa gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn sì yá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ká ní ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tàbí ti télọ̀, tí jẹnẹrétọ̀ ń mu epo lítà márùn-ún lójúmọ́, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, tí lítà kan sì jẹ́ ₦900. Ìyẹn jẹ́ ₦117,000 lóṣù, láìka ọ́ìlì àti mẹkáníìkì. Ẹ tọ́jú iye yìí dáadáa, nítorí òun ni òṣùwọ̀n tí ẹ máa fi wọn gbogbo ẹ̀yáwó tí wọ́n bá gbé síwájú yín. Bí owó tí ẹ máa san padà lóṣù bá ju ohun tí sólà máa gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, ẹ ní láti mọ ibi tí ìyókù máa ti wá kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ìwọ̀n sólà tó tọ́ sí yín

Owó tí ẹ kò yá, ẹ kò ní san èlé lé e lórí. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ohun tó ju agbára yín lọ fún yín. Ẹ kọ gbogbo ohun tó ń lo iná, wáàtì rẹ̀, àti wákàtí tí ẹ fi ń lò ó. Wáàtì 1,000 tí ẹ lò fún wákàtí kan ni yúnìtì kan. Fáànù méjì tó jẹ́ wáàtì 60 fún wákàtí 8, gílóòbù mẹ́fà oníwáàtì 10 fún wákàtí 6, tẹlifíṣọ̀n wáàtì 100 fún wákàtí 5, fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká, àti fúrísà kan tó ń jẹ bíi yúnìtì kan àti ààbọ̀ sí méjì lójúmọ́: gbogbo rẹ̀ ò ju bíi yúnìtì mẹ́rin lọ. Páànẹ́lì oníwáàtì 550 mẹ́ta àti bátìrì lítíọ́ọ̀mù 51.2V 100Ah kan, tó ń gba bíi yúnìtì márùn-ún, lè gbé e.

Áyọ́ọ̀nù, kẹ́túlù oníná àti ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún NEPA tàbí ọ̀sán gangan nígbà tí oòrùn mú. Àwọn ni wọ́n máa ń sọ sólà di olówó ńlá.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ta ọjà kì í sọ. Oòrùn oṣù Kejì kọ́ ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò. Oòrùn oṣù Kẹjọ ni, ní àsìkò ọdún Ọ̀ṣun, nígbà tí kùrukùru bo ojú ọ̀run láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Sólà tó bá tó yín lóṣù yẹn, kò ní jà yín kulẹ̀ lóṣù mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ lọ sí ibi tí ìrànwọ́ wà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sún mọ́ yín jù, ìyẹn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Bóyá ẹ jẹ́ olùkọ́, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ UNIOSUN, tàbí ọlọ́jà ní Ọjà Ọba, ó ṣeé ṣe kí ẹ wà nínú ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì owó tó ti kó jọ, èlé wọn sì sábà máa ń kéré sí ti bánkì gan-an. Ní tèmi, ibí ni ìrànwọ́ tó dára jù lọ wà fún ilé lásán, mo sì fẹ́ kí ẹ gbé e yẹ̀ wò kí ẹ tó lọ síbòmíràn. Ẹ tún lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé: bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá bá fẹ́ ra sólà pọ̀, ẹgbẹ́ lè lọ bá ilé-iṣẹ́ kan fúnra rẹ̀, kó dúnàádúrà iye owó àwọn páànẹ́lì àti bátìrì náà pọ̀, kó sì béèrè wáráńtì tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Olówó ẹyọ kan kò lè rí ẹ̀dínwó tí ẹgbẹ́ máa rí.

Ti ìjọba àpapọ̀ wá ńkọ́? Ẹ gbọ́ orúkọ àjọ REA, ìyẹn àjọ tó ń rí sí iná ìgbèríko. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò kan tó ń jẹ́ DARES, tí REA ń darí, pẹ̀lú ète pé kí iná sólà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lé ní mílíọ̀nù 17. Owó yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pín fún onílé o. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta sólà ni wọ́n ń fún, lẹ́yìn tó bá ti fi hàn pé òun ti gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà lóòótọ́. Ohun tó kàn yín níbẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ tó bá wà nínú ètò náà yẹ kó lè ta ọjà kan náà fún yín ní iye tó rọ̀jú díẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n tààrà: "Ṣé ẹ wà nínú ètò DARES ti REA? Èwo nínú ọjà yín ló wà níbẹ̀? Èló ni ẹ yọ kúrò nítorí rẹ̀?" Ẹni tó bá wà níbẹ̀ á dáhùn.

Ìjọba tún dá CREDICORP sílẹ̀, tó ń mú kí àwọn ènìyàn lè ra ohun tí wọ́n nílò kí wọ́n sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Sólà wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe é fún. CREDICORP kò yá ẹnikẹ́ni lówó tààrà. Bánkì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ayánilówó tó bá a ṣe ni wọ́n ń yáni, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún lọ́dún 2024. Bí ẹ bá ń gba owó oṣù, ẹ béèrè ní bánkì tí owó oṣù yín ń gbà wọlé bóyá wọ́n wà nínú ètò náà.

Oníṣòwò tó ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC ní ọ̀nà tó gbòòrò ju ti onílé lọ. Bank of Industry, tí a mọ̀ sí BOI, máa ń yá ilé-iṣẹ́ lówó ra ẹ̀rọ, ó sì ti ya owó sọ́tọ̀ fún sólà nìkan rí. Èlé wọn kì í tó ti bánkì tó kù, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n máa béèrè pọ̀: ìwé CAC, àkọsílẹ̀ owó ilé-iṣẹ́, ìwé iye owó láti ọ̀dọ̀ onísólà, àti ohun ìdúró tàbí onídùúró. Ẹ tò wọ́n jọ kí ẹ tó lọ.

Mùsùlùmí tí kò fẹ́ fọwọ́ kan èlé kò ní láti jókòó sínú òkùnkùn. Jaiz Bank, TAJBank àti Lotus Bank kì í gba èlé. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé bánkì á ra ọjà náà fúnra rẹ̀, á fi èrè tó ti sọ fún yín lé e, ẹ ó sì máa san án díẹ̀díẹ̀ ní iye tí kò ní yí padà. Ẹ kò tilẹ̀ ní láti jẹ́ Mùsùlùmí kí wọ́n tó dá yín lóhùn. Iye tí kò yí padà yìí dára fún ẹnikẹ́ni tí àyà rẹ̀ ń já pé èlé lè gbéra sókè lọ́la.

Fún ilé tó kàn fẹ́ gílóòbù mélòó kan, fáànù kékeré àti ibi tí wọ́n máa ti fi iná sí fóònù, sólà kékeré tí a ń san díẹ̀díẹ̀ wà, irú èyí tí Sun King àti d.light ń tà. Ẹ máa san owó ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì máa san ìyókù lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù. Bí ẹ kò bá san, ẹ̀rọ náà á ti ara rẹ̀ pa títí ẹ fi máa san. Kó tó di pé ẹ gbà á, ẹ bèèrè iye tó jẹ́ lówó kàǹtà àti iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ bí ẹ bá san án díẹ̀díẹ̀ tán. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni èlé yín, bí wọn ò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ka èlé kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Ibí ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn jù, mo sì bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á. Látìgbà tí CBN ti gbé òdiwọ̀n èlé tirẹ̀ kọjá ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún 2024, ẹ̀yáwó bánkì ti wọ́n gan-an. Ṣùgbọ́n iye èlé nìkan kọ́ ni kí ẹ wò. Ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń kà á.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ẹ yá mílíọ̀nù kan náírà fún oṣù 12, ní èlé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Bí wọ́n bá ń ka èlé lórí mílíọ̀nù kan náà lóṣooṣù, bí ẹ tilẹ̀ ti san púpọ̀ lára rẹ̀, ẹ máa san ₦30,000 ní ìgbà 12, ìyẹn ₦360,000. Bí ó bá jẹ́ pé lórí gbèsè tó ṣẹ́ kù nìkan ni wọ́n ń ka èlé, tí ẹ sì ń dá ìdá kan nínú méjìlá owó náà padà lóṣù, gbogbo èlé á jẹ́ ₦195,000. Iye kan náà ni wọ́n pe èlé méjèèjì. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦165,000. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n báyìí: "Ṣé lórí gbogbo owó ni ẹ ń ka èlé, àbí lórí èyí tó kù?"

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bèèrè owó ìwé, owó ìbánigbófò, iye tí ẹ máa kọ́kọ́ san sílẹ̀, àti bóyá wọ́n máa bu owó ìtanràn lé yín bí ẹ bá fẹ́ san án tán kí àsìkò tó pé. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye tí ẹ máa san lápapọ̀ láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn sórí ìwé, ní náírà.

Ẹ tún mọ̀ pé láti Oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni ìlànà GSI ti CBN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ayánilówó tí ẹ bá jẹ lówó tí ẹ kò san lè yọ ọ́ nínú àkáǹtì yín tó wà ní bánkì mìíràn, nítorí BVN so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò sí ibi tí a lè sá gbà. Ẹ yá ohun tí ẹ lè san nìkan.

Àti ti àwọn oníjìbìtì. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ìjọba ń pín owó sólà, kí ẹ tẹ ibì kan, kí ẹ fi BVN àti nọ́ńbà káàdì sí i, tàbí kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, ẹ pa á rẹ́. Àdírẹ́ẹ̀sì ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń parí sí .gov.ng. Kò sí bánkì tó ń béèrè PIN yín. Ẹ sọ fún àwọn àgbàlagbà ilé yín pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Oníṣòwò, ẹ má fi owó orí yín ṣòfò

Sólà tí ilé-iṣẹ́ rà fún iṣẹ́ wà lára ohun ìní tí òfin gbà kí ẹ yọ iye rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú èrè kí wọ́n tó ka owó orí. Èlé tí ẹ san lórí ẹ̀yáwó rẹ̀ náà jẹ́ ìnáwó iṣẹ́. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní Oṣù Kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Kìíní 2026, tún jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tó ń gba VAT lọ́wọ́ oníbàárà lè yọ VAT tí òun fúnra rẹ̀ san lórí irú ẹ̀rọ báyìí kúrò nínú èyí tó máa kó fún ìjọba. Gbogbo èyí dúró lórí ìwé. Rìsíìtì tí wọ́n fi báírò kọ sórí pépà lásán kò lè ṣe é. Ẹ gba èyí tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ yín, nọ́ńbà owó orí onísólà, àti VAT tí wọ́n kọ lọ́tọ̀, kí ẹ sì gbé e fún akáúńtáǹtì yín lọ́dún yẹn kan náà.

Ìwé àṣẹ iná ńkọ́? Lábẹ́ òfin iná ti ọdún 2023, ẹni tí ohun tó ń ṣe iná rẹ̀ kò bá ju mẹ́gáwáàtì kan lọ lójú kan kò nílò láísẹ́ńsì NERC. Sólà ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù kò súnmọ́ ibẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó láísẹ́ńsì fún òun ń jà yín lólè ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ yan ẹni tó máa gbé e

Ọ̀pọ̀ ayánilówó kì í fún yín lówó lọ́wọ́. Ẹni tó máa gbé sólà ni wọ́n máa san án fún, wọ́n sì lè ní orúkọ àwọn tí wọ́n ń bá ṣe. Bó ti wù kó rí, ẹ gba ìwé iye owó lọ́wọ́ ó kéré tán ẹni mẹ́ta, kí wọ́n kọ orúkọ ọjà, wáàtì, àti ọdún wáráńtì síbẹ̀. Àjọ NEMSA ló ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí, ẹ ní kí wọ́n fi ti wọn hàn yín.

Ẹ mú téèpù lọ. Páànẹ́lì oníwáàtì 550 tó dájú sábà máa ń gùn tó mítà méjì àti sẹ̀ǹtímítà 27 tàbí 28, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 13, ó sì wúwo bíi kílò 28. Bí wọ́n bá gbé èyí tí kò ga tó ọkùnrin kan síwájú yín, tí wọ́n sì lẹ 550 mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, irọ́ ni lébẹ́ẹ̀lì náà ń pa. Ẹ̀yáwó ọdún mẹ́ta lórí páànẹ́lì ayédèrú dà bí ìgbà tí èèyàn ń san owó ilé tó ti wó.

Fún ti bátìrì, bí ẹ bá ń san ẹ̀yáwó fún ọdún mẹ́ta, wáráńtì bátìrì kò gbọ́dọ̀ dín sí ọdún mẹ́ta. Lítíọ́ọ̀mù wọ́n ju bátìrì olómi lọ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ jù ú lọ, ẹ sì lè lo púpọ̀ nínú iná inú rẹ̀. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kúkú dín páànẹ́lì kù kí ẹ lè ra lítíọ́ọ̀mù, nítorí páànẹ́lì ṣeé fi kún lọ́la.

Bí ẹ bá ń gbé ilé àyágbé

Ọ̀pọ̀ ayálégbé ló rò pé sólà kò kan àwọn. Ó kàn yín. Ẹ lọ bá lánlọ́ọ̀dù kí ẹ tó yá owó, kí ẹ sì kọ ìwé kékeré kan tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí: pé ẹ̀yin lẹ ni gbogbo ohun èlò náà, pé ẹ lè tú u lọ bí ẹ bá kó jáde, àti pé ẹ ó dí gbogbo ihò tí ẹ bá lu sí páànù. Ayánilówó lè béèrè fún ìwé yìí. Bí òrùlé bá ti gbó jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi irin gbé páànẹ́lì dúró nílẹ̀ lágbàlá, kí ó dojú kọ gúúsù, kí ó sì tẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e

Ẹ má san owó ìkẹyìn fún onísólà títí ẹ fi máa lò ó fún òru mélòó kan, tí ẹ sì rí i pé bátìrì gbé ohun tó ní ó máa gbé. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ara páànẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ti inverter àti ti bátìrì, nítorí láìsí wọn, kò sí wáráńtì. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu eruku orí páànẹ́lì láàárọ̀ kùtù kí ó tó gbóná. Nígbà tí ẹ bá sì san ẹ̀yáwó tán, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ayánilówó pé ẹ kò jẹ mọ́, kí ẹ sì rí i pé wọ́n ti fagi lé àṣẹ tí wọ́n fi ń yọ owó nínú àkáǹtì yín.